Àwọ̀n Tí A So Sẹ́yìn Góòlù

Òde Màhín
Àlàmísì, 6 Máàṣì 1958

Tíṣà Ọlọ́rundáre wá láti Ìdí-Ẹ̀gbà lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ wá, síbẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ le gan-gan bí ẹni tí kò gba orí omi kọjá. Mo rò pé òwú àwọ̀n ló fẹ́ rà, mo ti nawọ́ sí àpótí. Ó ní rárá o, rẹfirí ni òun ń wá. Ìdí-Ẹ̀gbà àti Ọbẹ̀-Alẹ́ tún fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, lórí iyanrìn ẹnu odò tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Òun ni ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù Ìdí-Ẹ̀gbà, gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀.

Mo ní kó má bínú, mo ti fi fèrè sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Mo ní bí ó bá mọ̀, kí ló wá ń wá? Ó rẹ́rìn-ín, ó mu omi tí Bàdírátù ìyàwó mi gbé fún un, ó ní òun á padà wá.

Bó ṣe lọ tán ni Bàdírátù bi mí pé ta ni mo ń bínú sí. Mo ní n kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Bàbá Àmínátù, òwú kan náà lẹ ti wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn." Òótọ́ ló sọ. Ìdì òwú kan ti di ṣílè méje àti sísì ní Òkìtìpupa, mo sì ń wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn okùn ìdákọ̀ró.

Àtìní, 10 Máàṣì

Ẹni tí n kò retí ló wá lónìí: Olówòkéré ti Ọbẹ̀-Alẹ́. Ọkọ̀ ló ń gbẹ́, òun náà ló ń darí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn. Láti Àjíǹde ọdún 1956, ọkùnrin yìí kò ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò dá a lẹ́bi. Góòlù tí mo fún Ìdí-Ẹ̀gbà lọ́jọ́ náà ló dá ìjà sílẹ̀. Ọbẹ̀-Alẹ́ ní ẹ̀yìn òpó ni bọ́ọ̀lù gbà, èmi ní àárín ni, kí a tó mọ̀, àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀ ti ń ba orí. Apá ọ̀tún Kọ́lájọ, àbúrò Olówòkéré, ló kán. Wọ́n tò ó, kò tò dáadáa. Kọ́lájọ tí gbogbo omi yìí mọ̀ mọ́ jíju àwọ̀n kò ju àwọ̀n mọ́ láti ọjọ́ náà.

Olówòkéré jókòó. Ó ní, "Sàláù, ùwọ náà ni mo fẹ́ kó fun fèrè."

Mo ní, "Bàbá, èmi náà kẹ̀?"

Ó ní, "Ẹni tó bá ti Mísọ̀n wá, ẹni ghan ní Ìdí-Ẹ̀gbà ni. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun, tiwa ni. Ùwọ nìkan léè ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Òótọ́ ni, Mùsùlùmí ni mí, n kò sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì ìlú kankan. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbà á. Ó ní Moríkẹ́ ìyàwó òun, ọmọ Ìdí-Ẹ̀gbà, kò tíì fojú kan ìyá rẹ̀ fún ọdún méjì tí ìjà ti dí ọ̀nà, ìyá náà sì ti darúgbó. Àwọn àgbà ìlú méjèèjì ti fẹnu kò: bí a bá gbá bọ́ọ̀lù yìí tí kò sí ìjà, ọ̀nà ṣí, kí oníkálukú máa lọ sílé àna rẹ̀. Bí ìjà bá tún ṣẹlẹ̀, kò sí bọ́ọ̀lù mọ́, kò sí àbẹ̀wò mọ́, kí kálukú dúró sórí omi tirẹ̀.

Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n òun àti Tíṣà gbọ́dọ̀ jókòó níwájú mi kí ọjọ́ tó pé, kí a sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń retí lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ó ní òun á wá.

Ohun tí n kò lè sọ fún un ni mo kọ síbí. Ẹ̀yìn òpó ni bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà gbà. Ibi tí mo dúró sí jìnnà, mo fun fèrè kí n tó ronú, nígbà tí n ó sì fi rí ipa bọ́ọ̀lù nínú iyanrìn, ariwo ti sọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní góòlù ni, mo sì dì í mú títí di òní.

Jímọ̀, 14 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ láàárọ̀. Mo gbé àpótí fèrè wá sílẹ̀. Aáyán ti jẹ ìwé òfin bọ́ọ̀lù tí mo gbà ní Sàpẹ́lẹ̀, láti ojú ewé kẹsàn-án dé ìkẹrìnlá. Ọ́fúsáìdì ti lọ pátápátá. Al-hamdu lillahi, góòlù ṣì wà.

Àláàdì, 16 Máàṣì

Wọ́n dé lẹ́yìn ìsìn wọn. Tíṣà so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó apá ọ̀tún ṣọ́ọ̀bù mi, Olówòkéré so tirẹ̀ mọ́ apá òsì, bí ẹni pé àwọn ọkọ̀ náà ń bára wọn jà. Mo ti gbé àga méjì kọjú síra. Bàdírátù wá, ó yí wọn padà kí àwọn méjèèjì lè máa wo òde. Ó ní ẹni méjì tó ń bínú, kí wọ́n kọ́kọ́ máa wo ohun kan náà ná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí, ọgbọ́n rẹ̀ ju tèmi lọ.

Tíṣà mú ìwé jáde láti inú àpò. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: bọ́ọ̀lù yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Olówòkéré kò wo ìwé náà. Ó ní, "Tíṣà, ẹja ni yóò gbá a fún yín?" Àjíǹde kì í bọ́ sí ìgbà mìíràn ju ìgbà tí òṣùpá bá kún, bí òṣùpá bá sì kún, omi a kún tẹ̀lé e. Ní aago márùn-ún, orí iyanrìn yẹn á ti di ọ̀nà ọkọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni Tíṣà, ṣùgbọ́n ilé ìwé mú un pẹ́ lókè, aago ti wọ̀ ọ́ lára ju omi lọ. Ojú tì í díẹ̀. Ó fa ìlà pa aago mẹ́rin, ó kọ aago méjì. Ìdajì wákàtí, kí a sinmi díẹ̀, ìdajì wákàtí.

Ó wá ku ariwo. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo ní lọ́dún náà, kí àjẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹnu ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnu ẹ̀yin ọ̀gá méjèèjì sì ni. Mo ní bí ọ̀gá kan bá pariwo mọ́ mi, tàbí tó wọ pápá láìjẹ́ pé mo pè é, inú ọkọ̀ ni yóò lọ. A ó so ọkọ̀ kan sẹ́nu odò, á jókòó síbẹ̀ títí bọ́ọ̀lù á fi parí, kò sì ní sọ gbólóhùn kan.

Olówòkéré ní, "Nínú ọkọ̀ tí mo fọwọ́ mi gbẹ́?"

Tíṣà ní, "Ẹ ó kúkú mọ̀ bóyá ó ń jò."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tún rántí ìjà wọn, wọ́n gbé ẹ̀rín mì. Ṣùgbọ́n mo ti rí i.

Mo wá mú ọ̀rọ̀ àwọ̀n wá. Ojú ti èmi fúnra mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ní Sàpẹ́lẹ̀ níbi tí mo ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn onígẹdú, àwọ̀n máa ń wà lẹ́yìn òpó. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, á dúró sínú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò jiyàn. Níbí, àwa tí àwọ̀n wà lórí òrùlé wa, lábẹ́ ibùsùn wa, tó ń kọ́ wa lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọdún méje la fi gbá bọ́ọ̀lù láàárín igi méjì lásán. Èmi tí mò ń ta òwú rẹ̀ gan-an kò rò ó.

Olówòkéré ní, "Àwọ̀n lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kí ni yóò mú?"

Tíṣà dá a lóhùn pé, "Iyàn."

Ó kọjú sí mi lẹ́yìn náà, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dára, òun á kọ ọ́ sílẹ̀. A gbà pé ìlú kọ̀ọ̀kan yóò hun àwọ̀n kan, èkejì yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Àsábátà, 22 Máàṣì

Wọ́n rí oṣù lánàá, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo bi Àáfà Sùlèímánì bóyá fífun fèrè ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ó ní òun kò kà á níbì kan. Ó ní ohun tó ń wọ ẹnu ni kí n máa ṣọ́. Ó tún ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n irọ́ kì í wọlé, jíjáde ló ń jáde, síbẹ̀ ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́." N kò mọ̀ bóyá ó ní nǹkan kan lọ́kàn. Mo kí i, mo tètè lọ.

Àlàrùbá, 26 Máàṣì

Mo lọ wo pápá, mo sì yà ní ìlú méjèèjì. Ìdí-Ẹ̀gbà ni mo kọ́kọ́ dé. Rhoda ìyàwó Tíṣà ti se púpùrú ẹ̀gẹ́ àti ọbẹ̀ àrọ̀, òórùn rẹ̀ pàdé mi lórí omi. Ọ̀ràn tó wà nídìí ọbẹ̀ yìí kò kéré. Lọ́dún 1956, mo jẹun ní Ìdí-Ẹ̀gbà kí n tó wọ pápá, torí pé ẹni tó bá gba orí omi wá kì í sọ̀rọ̀ kó tó tọ́ nǹkan wò, bí mo bá sì kọ̀ ọ́, ìwọ̀sí ni. Nígbà tí ìjà dé, Ọbẹ̀-Alẹ́ ní wọ́n ti fi ẹja ra mí. N kò jẹ oúnjẹ wọn fún góòlù o, ebi ló ń pa mí. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Lónìí mo kàn ní, "Ìyá, ààwẹ̀ ni." Rhoda ní háà, ẹ dárí jì mí o, ó sì gbé e kúrò tayọ̀tayọ̀. Ní Ọbẹ̀-Alẹ́, Moríkẹ́ gbé akàn wá nínú àwo ńlá, mo tún ní ààwẹ̀ ni, òun náà gbé e kúrò. Kò sí ẹni tó bínú, kò sí ẹni tó lè fura. Mo ronú nínú ọkọ̀ nígbà tí mò ń padà bọ̀ pé bí mo bá fi ọgbọ́n orí wá ọ̀nà yìí fún oṣù mẹ́fà, n kò ní rí i. Ọlọ́run fi sínú kàlẹ́ńdà dè mí.

Moríkẹ́ rọra bi mí, nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò sí nítòsí, bóyá mo rí ìyá òun ní Ìdí-Ẹ̀gbà. Mo ní mo rí i, ó jókòó níta, ó ń sá edé. Ó ní, "Ṣé ó ń dá dìde?" Mo ní ó ń dá dìde. Ó kí mi, ó kí mi, bí ẹni pé èmi ni mo gbé ìyá náà dìde.

Mo rí Kọ́lájọ. Ó wà nídìí àwọ̀n góòlù, ó ń fi ọwọ́ òsì hun ún, ọwọ́ ọ̀tún kàn ń di òwú mú. Apá náà tẹ̀ níbi ìgúnpá. Ó dìde, ó kí mi dáadáa, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣe bí ẹni ń lọ wo òpó kan, kí n lè kúrò lójú rẹ̀.

Àsábátà, 29 Máàṣì

Wọ́n gbé àwọ̀n méjèèjì dé pápá lónìí. Mo rẹ́rìn-ín títí òùngbẹ fi gbẹ mí sí i.

Àwọn ará Ọbẹ̀-Alẹ́ tí ń pa ẹja ńlá lókun hun tiwọn bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n hun. Ojú rẹ̀ gbòòrò dé ibi pé Tíṣà ti orí bọ̀ ọ́, orí sì yọ lódìkejì. Bọ́ọ̀lù gba inú rẹ̀ kọjá láìfarakàn án. Olówòkéré ní, "Ẹja kékeré ni kó máa lọ." Àwọn ará Ìdí-Ẹ̀gbà ní tiwọn, edé ni wọ́n ń pa, àwọ̀n edé ni wọ́n hun. Ojú rẹ̀ dí, atẹ́gùn òkun kún inú rẹ̀ bí ìgbòkun, ó sì fa òpó góòlù méjèèjì wó lulẹ̀ níwájú gbogbo wa.

Wọ́n jókòó sórí iyanrìn, wọ́n ń bú iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Nígbà tó yá, Olówòkéré fi ìka mẹ́ta wọn ojú àwọ̀n, Tíṣà ní kó jẹ́ ìka mẹ́rin, wọ́n gbà á ní mẹ́rin. Wọ́n ní kí wọ́n tú méjèèjì, kí wọ́n dà á pọ̀ hun méjì tuntun. Èmi ni mo fi òwú kún un.

Nígbà tí mo ń kúrò, ọkùnrin bíi mẹ́wàá ti ìlú méjèèjì ló jókòó yí àwọ̀n kan ká. Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tí òwú bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ ń nawọ́, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ń fún un. Mo dúpẹ́ fún ìwọ̀n yẹn.

Àtàlátà, 1 Épírì

Ooru. Bàdírátù ní ní ọjọ́ bọ́ọ̀lù, kí n dúró sójú kan kí n má sáré, nítorí ààwẹ̀. Mo ní rẹfirí tó dúró sójú kan ni tọdún 1956.

Jímọ̀, 4 Épírì

Mo kírun tán, mo gba ẹnu odò lọ. Ọjọ́ ikú Jésù tiwọn ni, àwọn náà kò jẹun, nítorí náà gbogbo wa ni ebi ń pa lọ́gbọọgba. Ìpàdé ìkẹyìn nìyí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù méjèèjì dúró yí wa ká.

Tíṣà dìde, ó ní bí ọmọ òun kan bá fọwọ́ kan ọmọ Ọbẹ̀-Alẹ́, òun fúnra òun á mú un jáde, kì í ṣe rẹfirí. Ó ní ohunkóhun tí rẹfirí bá sọ, òun kò ní jiyàn rẹ̀, ìbáà dun òun dé egungun. Olówòkéré náà dìde. Tirẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ti wà ńlẹ̀. Bí ẹnu mi bá yọ, mo mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Mo rò pé ó ti parí. Mo ti ń ká ìwé mi. Ni Olówòkéré bá kọjú sí mi. "Ùwọ ńkọ́, Sàláù? Àwa méjèèjì ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Bí ùwọ bá ṣìṣe, kí ni ùwọ a ṣe?"

Kò fi ìbínú bi mí. Ó bi mí bí ẹni ń bi oníbàárà pé báwo ló ṣe fẹ́ kí imú ọkọ̀ rí. Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Kọ́lájọ wà lẹ́yìn wọn.

Mo ní bí mo bá ṣìṣe, tí mo sì mọ̀, n ó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Ó ní, "Ó tó."

Láti ìgbà tí mo ti dé ilé ni inú mi kò ti balẹ̀. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí n kò tíì ṣe rí.

Àtàlátà, 8 Épírì

Ara ń ro mí láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ti àná sílẹ̀ kó tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìsìn Ìdí-Ẹ̀gbà pẹ́, aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la tó bẹ̀rẹ̀. Òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún tán, omi sì ti ń rìn bọ̀. Góòlù kan jìnnà sí omi, èkejì sún mọ́ omi. Èrò pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ, wọ́n jókòó ìlú níbí, ìlú lọ́hùn-ún, àjẹ̀ oníkálukú sì wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ka àjẹ̀ dé ogójì, mo fi kíkà sílẹ̀.

Ìdí-Ẹ̀gbà ló kọ́kọ́ gbá a wọlé. Bọ́ọ̀lù náà wọ inú àwọ̀n, ó dúró síbẹ̀, ó ń yí. Gbogbo èèyàn kígbe, ará Ọbẹ̀-Alẹ́ pàápàá kígbe, bí ìgbà tí ẹja ńlá bá kó sí i. Kò sí ẹnu kan tó jiyàn. Mo wo àwọ̀n náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Lẹ́yìn ìsinmi, bọ́ọ̀lù ba ọwọ́ ọmọ Ìdí-Ẹ̀gbà kan. N kò fun fèrè, torí pé kò mọ̀ọ́mọ̀. Olówòkéré fò dìde. Ó ní, "Ọwọ́! Sàláù, ojú rẹ dà?" Kí n tó gbé fèrè dé ẹnu, ó ti fọwọ́ bo ẹnu. Ó wò yíká. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè dé orúnkún, òun nìkan ló rìn lọ sínú omi, ó gun ọkọ̀, ó jókòó, ó kọjú sí wa. Àwọn ará Ìdí-Ẹ̀gbà pàtẹ́wọ́ fún un. Ó juwọ́ sí wọn.

Ẹ̀yìn góòlù tó sún mọ́ omi ni ọkọ̀ náà wà, góòlù tí Ìdí-Ẹ̀gbà ń ṣọ́.

Bí ó ti ku bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ Ọbẹ̀-Alẹ́ kan gbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ kan, ó le. Mo ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn, iyanrìn wọ̀ mí lójú. Nígbà tí mo fi la ojú, bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn àwọ̀n, ó ń léfòó lórí omi. Mo ní ìta ló gbà. Mo nawọ́ pé kí Ìdí-Ẹ̀gbà gbá a jáde.

Ariwo tó sọ, mo ti gbọ́ ọ rí. Ọbẹ̀-Alẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì mọ ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mú. Àwọn ará Ìdí-Ẹ̀gbà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo wo ọ̀dọ̀ Olówòkéré. Ibi tó wà yẹn, ó rí ohun gbogbo. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ẹnu rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ pọ́n, omijé ń bọ́ nínú rẹ̀, kò sì sọ gbólóhùn kan. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́.

Mo lọ wo ìdí àwọ̀n. Omi tí ń kún ti wẹ iyanrìn kúrò nídìí èèkàn méjì, ìsàlẹ̀ àwọ̀n ti gbéra sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Ipa bọ́ọ̀lù wà nínú iyanrìn tútù, láàárín òpó méjèèjì, ó gba abẹ́ àwọ̀n jáde tààrà. Omi tún ń bọ̀. Ìgbì kan sí i, kò ní sí ipa kankan mọ́, ohun tí mo bá sọ ló máa dúró.

Mo fun fèrè. Mo pe Tíṣà, mo juwọ́ sí Olówòkéré kó wá. Mo kígbe kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo ní, "Mo ṣìṣe. Góòlù ni. Ẹ wá wo ipa rẹ̀ kí omi tó pa á rẹ́."

Balógun àwọn agbábọ́ọ̀lù Ìdí-Ẹ̀gbà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó ní rẹfirí ti dájọ́ tẹ́lẹ̀, kò lè dá a lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ipa náà. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀ tó le gan-gan. Ó dùn ún dé egungun, mo rí i. Ó ní, "Rẹfirí ti sọ̀rọ̀. Ẹ lọ tò." Ó sì lọ jókòó.

Wọ́n tò. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Kò sí àjẹ̀ tó gbéra.

Ìdí-Ẹ̀gbà tún gbá òmíràn wọlé nígbà tó ku díẹ̀, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wa ní apá kan pápá. Méjì sí ọ̀kan. Ọbẹ̀-Alẹ́ pàdánù, mo fun fèrè ìparí, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́.

N kò pinnu ohun tó tẹ̀lé e. Ẹnu mi kàn ṣí. Mo dúró sáàárín wọn nínú omi, mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ní góòlù ọdún 1956, ẹ̀yìn òpó ló gbà. Mo ní mo rí ipa rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀rù ló bà mí, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa pe Ọbẹ̀-Alẹ́ ní òpùrọ́ fún ọdún méjì. Mo ní n kò jẹ ẹja nítorí rẹ̀, ojo ni mí lásán. Mo wo Kọ́lájọ. Mo ní, "Àbúrò, dárí jì mí."

Mo ń retí pé kí ẹnì kan gbá mi létí. Kọ́lájọ wò mí pẹ́. Ó yí padà, ó lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ láìsọ̀rọ̀.

Olówòkéré ló dé ọ̀dọ̀ mi. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ọwọ́ náà wúwo bí ìtí igi. Ó ní, "Ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ó dé." Tíṣà ní kí àwọn ọmọ òun pàtẹ́wọ́ fún Ọbẹ̀-Alẹ́, fún ọdún 1956. Àwọn kan kò fẹ́, síbẹ̀ wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ohun tí n kò ní gbàgbé láéláé nìyí: ìyá Moríkẹ́ ti bá ọkọ̀ Ìdí-Ẹ̀gbà wá. Àwọn ọkùnrin méjì gbé e sọ̀ kalẹ̀, Moríkẹ́ sì gba inú omi sáré wá pàdé rẹ̀, aṣọ rẹ̀ tutù dé ìbàdí. Ìyá ní, "Kí lo ń sá sí, mo ti dé." Wọ́n jọ lọ sí Ọbẹ̀-Alẹ́ lọ sùn.

Oòrùn wọ̀. Mo ṣínu pẹ̀lú omi àgbọn láti Ọbẹ̀-Alẹ́ àti ẹja láti Ìdí-Ẹ̀gbà, mo sì jẹ àjẹtúnjẹ. Mo dúpẹ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Kọ́lájọ kò sọ̀rọ̀, n kò sì lè bá a wí.

Jímọ̀, 11 Épírì

Ọkọ̀ mẹ́ta láti Ìdí-Ẹ̀gbà kọjá lọ sí Ọbẹ̀-Alẹ́ lójú mi, obìnrin ló kún inú wọn, wọ́n ń pariwo lọ. Mo tẹ̀lé wọn lójú títí wọ́n fi yí igun odò.

Àlàmísì, 17 Épírì

Ooru mú gan-an, n kò retí oníbàárà. Ọkọ̀ kan fara kan òpó. Kọ́lájọ ni. Ọwọ́ òsì ló fi wa ọkọ̀ láti Ọbẹ̀-Alẹ́ dé ibí. Ó jókòó lórí àpótí òwú, ó ń wo ilẹ̀.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé àjẹ̀."

Mo ní àjẹ̀ wo?

"Lọ́dún yẹn. Éè sí ẹni tó jà ṣáájú mi. Ọmọ Ìdí-Ẹ̀gbà kan rẹ́rìn-ín, mo fi àjẹ̀ lù ú lórí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kán mi lápá. Gbogbo ayé ní rẹfirí ni, rẹfirí ni. Mo jẹ́ kí ghan máa sọ ọ́." Ó fọwọ́ òsì di ìgúnpá tó tẹ̀ mú. "Nígbà tí o sọ tìrẹ nínú omi, n kò lè dúró. Mo rò pé o máa wò mí, kí o sọ tèmi mọ́ ọn."

Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni, n kò mọ̀ rárá. Ibi tí mo dúró sí jìnnà.

Ó ní òun ti lọ sí Ìdí-Ẹ̀gbà láàárọ̀ yìí, òun ti sọ ọ́ fún ọmọ tí òun lù àti fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi ló kù. Ó sọ ọ́ tán, ó mí kanlẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi ń sá fún ọkùnrin yìí, ọdún méjì ni òun náà fi ń sá fún mi, oníkálukú rò pé ẹnì kejì mọ ohun tí òun ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tí kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wa kú láìtíì sọ tirẹ̀.